Báwo la ṣe lè rí gírántì fún ètò rédíò lórí ọ̀wọ́ngógó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe ètò ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú ní èdè Yorùbá lórí rédíò aládàáni kan ní Rẹ́mọ, àpò ara wa la sì fi ń ra àkókò. A fẹ́ sọ ọ́ di ètò tí àwọn ará ọjà, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àgbẹ̀ yóò ti máa sọ bí ọ̀wọ́ngógó yìí ṣe ń bá wọn fínra, tí wọn yóò sì rí ohun tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ gbọ́. A ti kọ̀wé béèrè gírántì níbi méjì, wọn ò tilẹ̀ fèsì. Ẹnì kan tún ní ká ra fọ́ọ̀mù Corporation for Public Broadcasting ti Amẹ́ríkà. Ìwé tí a kọ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ni ká ṣe? *Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan, Ṣágámù.*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àfaradà.

Ẹ jẹ́ n tètè mú ti Amẹ́ríkà kúrò nílẹ̀. Òfin ọdún 1967 ló bí àjọ yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wọn ló sì wà fún. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn aṣòfin wọn gba owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un padà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún yín, owó yín ló ń wá.

Mo ka ìwé yín. Gbólóhùn tó ṣíwájú níbẹ̀ ni pé: “Ètò yìí yóò la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀ lórí ìṣòro ọrọ̀ ajé tó ń kojú orílẹ̀-èdè wa.” Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ kò lè fi í mọ Ṣágámù yàtọ̀ sí Ṣókótó. Ta ló máa gbọ́ yín? Kí ló máa lè ṣe lẹ́yìn tó bá gbọ́ tán? Ká ní ẹ kọ ọ́ báyìí ńkọ́: “Ní aago méje alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn ìyá tó ń ṣa obì ní Sábó àti àwọn tó ń yan gàárì bá ti délé, a ó ka iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ní ọjà mẹ́ta ní Rẹ́mọ. Oníṣòwò kan yóò sọ bó ṣe ń rí owó fi ṣòwò. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀yáwó orí fóònù àti bí èèyàn ṣe lè wò ó bóyá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fọwọ́ sí ẹni tó ń yá a lówó.” Ẹni tó bá ka èyí ti ń gbọ́ ètò náà létí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìṣirò, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi ti bàjẹ́ jù. Ẹ kọ ọ́ pé NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ní ìgbówólórí ọjà (bí owó ọjà ṣe gòkè sí láàárín ọdún kan) jẹ́ 34.80% ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, pé ó já sí 24.48% ní oṣù Kìíní ọdún 2025, nítorí náà “nǹkan ti ń dẹrùn díẹ̀”. Iye méjèèjì tọ̀nà, ìtumọ̀ tí ẹ fún wọn ni kò tọ̀nà. NBS yí ọdún tí wọ́n fi ń díwọ̀n padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún àwọn ọjà tí wọ́n ń wò tò. Ìdí nìyẹn tí iye náà fi já wálẹ̀ lójijì. Bí ìgbówólórí bá tilẹ̀ rẹlẹ̀ lóòótọ́, owó ọjà ṣì ń gòkè, eré rẹ̀ ló kàn dín kù. Ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò mọ èyí. Ẹ tún rò ó wò: tí ẹ bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, ìyá tó ń ra gàárì lójoojúmọ́ ò ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Kí ẹnì kan nínú yín máa lọ sí ọjà kan náà, lọ́dọ̀ ìyá kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa kọ iye kóńgò gàárì kan, kóńgò ìrẹsì kan àti ìgò epo pupa kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, ẹ ti ní ohun tí wọn ò ní ní Abuja nípa Rẹ́mọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn tàbí ní OOU (Yunifásítì Olabisi Onabanjo) ní Àgọ́-Ìwòyè lè bá yín wádìí iye èèyàn tó ń gbọ́ yín. Ẹ lọ bá olùkọ́ wọn, wọn a máa wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ yín kò tíì forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti mú kí wọ́n má fèsì. Ẹ lọ sí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè, lábẹ́ CAMA, òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020, kí ẹ sì gba ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ fífọ owó àìmọ́, torí báǹkì máa béèrè rẹ̀ kó tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́. Tí ẹ ò bá lè dúró dìgbà yẹn, kí ilé iṣẹ́ rédíò náà kọ̀wé, kí ẹ̀yin jẹ́ olùṣètò, kí àdéhùn sì wà lórí ìwé: ta ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló ni ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀.

Ètò ìnáwó yín ní “oríṣiríṣi ìnáwó”, owó ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ètò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà jẹ́ 26. Ẹ kọ owó àkókò fún 26, owó ọkọ̀ èèyàn méjì láti Ṣágámù sí Ìṣarà, àlọ àti àbọ̀, owó dátà, owó epo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ fi ń tún ohùn ṣe. Ẹ dá owó epo yẹn dúró lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ béèrè iye rẹ̀. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó epo láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ẹ kọ owó iṣẹ́ tiyín náà sí i. Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ, àwọn tó ń fúnni lówó ò sì kà á sí ojúkòkòrò.

Ohun kan wà tí mi ò rí rárá nínú ìwé yín: báwo lẹ ṣe máa dáàbò bo ẹni tó bá sọ ìṣòro rẹ̀? Ṣágámù ò tóbi tó ibi tí ohùn èèyàn ti lè fara sin. Ìyá tó bá sọ pé òun jẹ gbèsè, ẹni tó jẹ lówó lè máa gbọ́. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ kó tó jáde, tó bá sì ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ lè san owó ọkọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ má san owó ìtàn rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo èyí sínú ìwé.

Ní ti ibi tí ẹ máa kàn sí, ẹ wo IPDC, ètò tí UNESCO fi ń mú ìbánisọ̀rọ̀ gbèrú, tó ti wà láti ọdún 1980, tó sì máa ń ran rédíò agbègbè lọ́wọ́. Ẹ máa wo ìkéde Wole Soyinka Centre for Investigative Journalism ní Èkó, àti ti International Fund for Public Interest Media nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá ti rinlẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n ní àwọn ò ń ná owó lé lórí kí ẹ tó ka èyí tí wọ́n ń ná an lé.

Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀, àwọn òṣèlú á sì wá bá yín. Tí ẹ bá gba owó wọn fún ètò yìí, kódà kó jẹ́ owó àkókò ọ̀sẹ̀ kan, mi ò rò pé ẹ tún lè kọ̀wé sí ìkankan nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí.

Ẹ tún ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ kọ, ẹ tún ètò ìnáwó tò, kí ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí mi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí àwọn tí ẹ ń kọ̀wé sí máa dẹ́kun gbígba ìwé. Màá kà á.