Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dé Ìkògòsì: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè fẹ́ ọ̀nà táwọn èèyàn á máa fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n á máa gun báìsíkù lórí ẹ̀, láti omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kó gba ọ̀dọ̀ wa, kó dé omi Àríǹta ní Ìpólé àti Ìkògòsì, kó má sí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà níbẹ̀. A ti ya máàpù. Kí ló kàn?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ kú akitiyan. Ó wù mí gan-an kí ọ̀nà yìí wà. Àmọ́ ẹ ká máàpù yẹn síbì kan ná, kẹ́ ẹ mú kìlómítà 3 péré tó sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ ṣe é parí. Irú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti báìsíkù bẹ́ẹ̀ tó lọ láti Pittsburgh dé Cumberland ní Amẹ́ríkà, níbi tí rélùwéè ń gbà tẹ́lẹ̀, ó tó kìlómítà 240, 1986 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ ní Ohiopyle, ó di 2013 kó tó so pọ̀ délẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ńkọ́? Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà ní Ọ̀ṣun, ẹ̀yin wà ní Èkìtì, torí náà ìjọba méjì lẹ máa bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹbí tó ni oko kòkó ló lè dá yín dúró lóòótọ́, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ẹ ò gba ilẹ̀ wọn o, àyè ìrìn lẹ̀ ń tọrọ, mítà kan àbọ̀ ní fífẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i lójú kábíyèsí. Ipa ẹsẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé.

Omi ló ń ba ọ̀nà orí òkè jẹ́ jù. Mo ti rí ibi tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, òjò ọdún kan péré ló gbẹ́ abẹ́ ẹ̀ lọ, inú mi ò dùn rárá. Ẹ má jẹ́ kọ́nà gun òkè tààrà, ẹ jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ gba ara òkè lọ, tẹ́ ẹ bá rin mítà 10 kó má gòkè ju mítà 1 lọ, kí etí tó kọjú sísàlẹ̀ sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 relẹ̀ ju ti òkè lọ lórí fífẹ̀ mítà kan, kómi lè ṣàn kọjá kó má bàa sọ ọ̀nà yín di gọ́tà.

Ọ̀kadà: ẹ lè ri òpó mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń fi ọ̀kadà kó kòkó jáde gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tiẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á hú òpó yẹn, mi ò sì ní dá wọn lẹ́bi.

Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ́ rárá, ẹ ti mọ ẹni tá á máa ro ó lọ́dọọdún àti ibi tówó ẹ̀ á ti wá. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe kìlómítà 3 yẹn, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, pàápàá èyí tẹ́ ẹ bá yà nígbà tí òjò ń rọ̀, ká jọ wo ibi tómi ń gbà.