Ìyá Ìbejì, kí ẹ tó kó àwọn ọmọ lọ sí etí Adágún Superior

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní Minnesota, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọdún kejì wa rèé ní Saint Paul. Àwọn ọmọ dé láti ilé ìwé, wọ́n ní gbogbo ọ̀rẹ́ àwọn ló ń lọ sí North Shore, etí Adágún Superior, ní sọ́mà, pé àwa nìkan là ń jókòó sílé. Àkọ́bí mi ti pé ọdún mẹ́wàá, àwọn ìbejì jẹ́ ọdún mẹ́fà. Bàbá wọn ní òun kò rí ìdí tí èèyàn á fi sanwó lọ wo àpáta, nígbà tí Olúmọ wà nílé tí a kò gùn ún rí. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ló tó? Ṣé wọ́n lè lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀? Kí la máa dì lọ, kí la máa jẹ? Àwọn ọmọ náà kì í ṣe aláìgbọràn o. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́, àmọ́ òyìnbó ni. Yorùbá wọn kò tó nǹkan, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Ìyá Ìbejì

Èsì:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà, á dògbó. Ẹ bá mi kí bàbá wọn. Ọkọ tèmi náà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, tirẹ̀ tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọmọ Ìlàjẹ ni. Ó ní orí omi ni wọ́n bí òun sí, ta ló tún ń sanwó lọ wo omi?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn. Ọjọ́ mẹ́ta tó. Láti ọ̀dọ̀ yín dé Duluth jẹ́ bíi máìlì 150, láti Duluth dé Grand Marais tún jẹ́ bíi 110. Highway 61 ni ẹ ó gbà, omi á sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín títí ẹ ó fi débẹ̀. Ẹ tètè wá ibi tí ẹ ó sùn sí. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹfà kó tó wá yàrá ti oṣù keje, inú mọ́tò ló máa sùn. Gooseberry Falls ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, omi ńlá tó ń já láti orí àpáta, kò sì sí owó mọ́tò níbẹ̀. Àwọn ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ yòókù ń gba owó lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan, lóòjọ́ tàbí fún odidi ọdún. Níwájú díẹ̀ ni Split Rock wà, ilé iná tí wọ́n kọ́ ságbárí òkúta ní 1910, lẹ́yìn tí ìjì oṣù kọkànlá ọdún 1905 fọ́ ọkọ̀ tó pọ̀ ní etí omi yẹn. Owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà láti wọ ibẹ̀. Àkọ́bí yín á fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ìbejì á kàn máa gun àtẹ̀gùn sókè sódò títí ẹsẹ̀ yín á fi máa ro yín.

Sìwẹ́tà! Mo mọ̀ pé ẹ ó rò pé mò ń sọ àsọdùn. Ní oṣù keje tí ẹ ń làágùn ní Saint Paul, kùrukùru lè bo etí omi yẹn mọ́lẹ̀ títí di ọ̀sán, kí àwọn ọmọ máa gbọ̀n. Ẹ̀fọn ibẹ̀ kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Eégbọn náà wà, bíi irú èyí tí a mọ̀ lára ajá nílé, ó kàn jẹ́ pé ti ibí kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ó sì ń fa àìsàn. Ẹ máa tú irun àwọn ọmọ wò lálaalẹ́. Ní ti oúnjẹ, jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín ni kí ẹ kó sínú kúlà. Gààrí kò sí níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a. Àmọ́ wọ́n ń ta ẹja yíyan lójú ọ̀nà, ní Knife River àti Two Harbors, ẹja inú adágún náà gan-an. Mo fi ọ̀kan se ẹ̀fọ́ nínú yàrá tí a sùn sí, olóyìnbó tó wà ní yàrá kejì kan ilẹ̀kùn, mo ti múra ìjà sílẹ̀, àṣé ó fẹ́ mọ ohun tó ń ta sánsán ni.

Tí ẹ bá lọ dé Grand Portage, lẹ́bàá ààlà Kánádà, fóònù yín lè gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì tọ̀hún, kí aago inú rẹ̀ sì fi wákàtí kan sáré. Ẹ mú ìwé yín dání, bí ẹ kò tilẹ̀ ní sọdá. Ìyẹn tó.

Ní ti lílúwẹ̀ẹ́, rárá ni ìdáhùn mi. Adágún ni wọ́n ń pè é, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Nínú gbogbo adágún tí omi rẹ̀ kò níyọ̀ lágbàáyé, kò sí èyí tó fẹ̀ tó o. Ibi tó jìn jù níbẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 1,300. Lọ́dún 1975, ọkọ̀ gàgàrà kan tó ń jẹ́ Edmund Fitzgerald rì sínú rẹ̀ nínú ìjì, èèyàn 29 ni, ẹnì kan ṣoṣo kò yè. Tí a bá pín otútù rẹ̀ já gbogbo ọdún, kò ju nǹkan bí 40 Fahrenheit lọ. Omi inú fíríìjì yín nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, àwọn adágún kéékèèké ìtòsí yín lóhùn-ún gbóná jù ú lọ fíìfíì.

Mi ò lè kọ ìyókù bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ọjà. Gbólóhùn tí ẹ sọ kọjá lẹ́yìn, pé wọ́n ń gbọ́ràn àmọ́ Yorùbá wọn kò tó nǹkan, òun ni kò jẹ́ kí n sùn lánàá.

Ọdún 2017 ni. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọdún mẹ́wàá, ọmọkùnrin jẹ́ méje, mo pọn àbíkẹ́yìn. A wà ní Grand Marais, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Artist's Point, ilẹ̀ àpáta dúdú kan tó nawọ́ sínú omi. Arúgbó ń rìn níbẹ̀, ọmọdé ń rìn níbẹ̀, ajá ń rìn níbẹ̀. Kò sí irin tí èèyàn lè dì mú, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ yín. Láàárín àpáta kan àti èkejì, ibì kan rẹlẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin mi gba ibẹ̀ kọjá, ó gbẹ táútáú. Ó dé òdìkejì, ó jókòó, ó ń ṣa òkúta wẹẹrẹ.

Afẹ́fẹ́ yí padà. Mo rí i tí omi gun orí ibi tó rẹlẹ̀ yẹn, tó sì padà. Ohun dúdú kan wà lára àpáta náà tí mi ò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Bí omi ṣe kàn án, ó ń dán. Mo ti fẹsẹ̀ kan án lápá ibòmíràn láàárọ̀, ó yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ. Ọmọ náà dìde, ó kọjú sí mi. Mo figbe ta: “Má wá o! Má wá síbí! Má wá!”

Gbogbo òyìnbó tí mo ti ń sọ sí i láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò sí ọ̀kan tó yọjú. Yorùbá ló jáde, èyí tí ìyá mi fi ń lé wa kúrò létí odò Ògùnpa lẹ́yìn Omíyalé ọdún 1980. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹ̀rù omi ni mo fi mu ọmú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ nígbà náà, kẹ́ ẹ fi ìyẹn náà kún un.

Ọmọ náà gbọ́ “wá”. “Wá” wà lára Yorùbá bíi mẹ́wàá tó gbọ́: wá jẹun, wá sùn, wá kí ìyá àgbà lórí fóònù. “Má” kò sí níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì sáré bọ̀. Ọmọ tó máa ń gbọ́ràn ni.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ìgbì kejì sì gbá a sínú omi.

Bàbá rẹ̀ ti bẹ́ lé e kí n tó gbẹ́sẹ̀. Ẹni tó ti ń tukọ̀ láti kékeré ni o, àmọ́ ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí omi ṣe kan òun, èémí òun gé, ọwọ́ òun kò sì gbọ́ tòun mọ́. Ó gbá ọmọ mú lọ́rùn aṣọ. Kò lè gun àpáta padà. Bàbá òyìnbó kan, ó máa tó ẹni àádọ́rin ọdún, fi àyà lélẹ̀ lórí òkúta, ó na ọ̀pá tó fi ń rìn sí wọn. Ọ̀pá yẹn ni wọ́n dì mú. Gbogbo rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ètè ọmọ mi ti dúdú bí aró. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mo sì ṣe é: mo gbé àbíkẹ́yìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo bọ́ gbogbo aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, mo tú ìró ìdí mi, mo fi wé e mọ́ àyà mi, a tan ìgbóná mọ́tò. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é, wọ́n fún un ní ṣokoléètì gbígbóná.

Nígbà tí à ń padà lọ sí ibi tí a sùn sí ló sọ ọ́. Kò sunkún, kò bínú. Ó ní, “But Mummy, you said wá.”

Bàbá rẹ̀ ní ariwo omi pọ̀, pé bí mo tilẹ̀ fi òyìnbó sọ ọ́, ọmọ náà lè má gbọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó ń sọ ọ́ kí n lè rí oorun sùn ni.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Àkọ́bí wa ni kò tètè sọ̀rọ̀, tíṣà rẹ̀ pè wá, ó ní èdè méjì ló ń dà á láàmú, kí a mú ẹyọ kan. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni. Mò ń ṣiṣẹ́ òru, ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ méjì, ta ló láyè láti bá tíṣà jiyàn? A mú òyìnbó. Nígbà tí a fi mọ̀ pé ìmọ̀ràn yẹn kò dáa, àwọn méjì ti ń fi òyìnbó lá àlá. Mo ti gbìyànjú láti tún un ṣe. Ẹ fi Yorùbá bá ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́wàá sọ̀rọ̀ wò, bí kò bá ní fi òyìnbó dá yín lóhùn bí ẹni ń dá oníbàárà lóhùn. Àwọn kan á ní ọmọ tàwọn ń ki oríkì ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. A gbọ́.

Ohun tí à ń ṣe báyìí: a ra jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún wọn, wọ́n ń wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dé etí omi, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá débẹ̀. Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fèrè lọ́rùn. Tí àpáta bá dúdú tó sì tutù, a kì í tẹ̀ ẹ́. Kí a tó sọ̀ nínú mọ́tò, a máa ń fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni bá ti pè é, kí gbogbo èèyàn dúró gbagidi. “Stop” ni ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ kó jẹ́ “dúró”. Àwọn ọmọ ni wọ́n dìbò.

Ti ẹ̀yin, mi ò mọ èyí tí ẹ máa mú. Àwọn ìbejì yín ṣì jẹ́ ọdún mẹ́fà, àkókò ṣì wà. Ẹ kọ́ wọn ní “má” kí ẹ tó lọ, má wá, má sáré, má mira, bí eré ni kí ẹ ṣe é nínú pálọ̀. Mi ò sọ pé yóò tó o.

Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí. Tí mo bá wà ní kíṣìnnì tí mo pè é pé kó wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Wá, àbí má wá?” Bàbá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Èmi á ní kó wọlé, ọbẹ̀ ń tutù.

Tí ẹ bá ti mọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ, ẹ kọ sí mi. Mo ní kúlà ńlá kan tí mo lè yá yín, àti jákẹ́ẹ̀tì méjì tí kò gba àwọn tèmi mọ́.

Ìyá ọmọ mẹ́ta, Brooklyn Park