Èsì: Fídíò yín ò sọnù
Ẹ ní gbogbo fídíò yín di pupa nínú ètò ìgéfídíò, tó kọ "Media Offline" (ìyẹn ni pé kò rí fáìlì náà), lẹ́yìn tí ẹ kó wọn lọ sínú fódà mìíràn. Wọ́n ṣì wà nínú fódà tuntun yẹn. Ètò ìgéfídíò kì í gbé fáìlì mì. Ibi tí fáìlì wà nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Ẹ tẹ "Relink" (tún un so pọ̀), kí ẹ tọ́ka sí fódà tuntun náà.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ṣètò fódà kí ẹ tó kó nǹkan kan wọlé: 01_Fidio, 02_Ohun, 03_Ise, 04_Abajade. Kí ẹ má sì kó fáìlì kúrò níbẹ̀ mọ́!

Ní ti ìdánrawò, ẹ gé fídíò ìṣẹ́jú 5 sí ìṣẹ́jú àáyá 30. Níbi tí ẹ bá ti gé e, ẹ jẹ́ kí ohùn abala tó ń bọ̀ fi férémù 10 (férémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) ṣáájú àwòrán rẹ̀. Ojú ìgé ò ní hàn ketekete mọ́.