Wọ́n Ní Ariwo Náà Kò Kọjá Òfin, Àmọ́ N Kò Rí Oorun Sùn

Ìbéèrè: Ilé ńlá tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà ìpamọ́ dátà sí ń kùn lẹ́yìn oko wa tọ̀sán-tòru. Àwọn tó wá wọn ariwo náà ní kò kọjá òfin. Kí ló dé tí mo ṣì ń gbọ́ ọ lórí ibùsùn?

Ìdáhùn: Mo gbà yín gbọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ẹ̀ ń ṣàròyé lásán. Àwọn fáànù tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn gbóná kì í sinmi, ohùn wọn sì rinlẹ̀ débi pé ó ń gba ara ògiri wọlé. Ẹ bi àwọn tó wá wọn ariwo náà: òṣùwọ̀n ariwo wo ni wọ́n lò, dBA àbí dBC? dBA máa ń fojú kéré ohùn tó rinlẹ̀. dBC ló ń kà á dáadáa. Kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n lóru, lẹ́bàá fèrèsé yín, kì í ṣe lẹ́nu géètì ilé ńlá náà lọ́sàn-án. Lọ́dún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá fún Yúróòpù pé kí ariwo òru níta ilé má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (dB, ìyẹn ìwọ̀n ariwo) 40. Bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 bá lé e, etí máa ń gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń dán jẹnẹrétọ̀ wò, kẹ́ ẹ kó o lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín.