Ẹ má gbà kí wọ́n bá ọmọ yín "parí ìjà" pẹ̀lú ẹni tó ń lù ú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi wà ní JSS 1, látìgbà tí táàmù yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ SS 2 kan ti ń gba próvíṣọ̀n ẹ̀ ní hostẹ́ẹ̀lì, ó tún ń gbá a létí. Prínsípà ní òun máa pe àwọn méjèèjì jókòó kí wọ́n parí ẹ̀. Ṣé ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má gbà o. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ó sì ń bí mi nínú.

Kí ni wọ́n fẹ́ parí gan-an? Ẹni tó ń jà la máa ń là. Tí ọmọ kíláàsì kan náà méjì bá ń du àga mọ́ra wọn lọ́wọ́, ìjà nìyẹn, ẹ pè wọ́n jókòó, kálukú á sọ tẹnu ẹ̀. Ti ọmọ yín kì í ṣe ìjà, búlì ni. Dan Olweus, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ètò láti dẹ́kun búlì láwọn ilé ìwé Norway ní 1983, ti là á sílẹ̀ pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni búlì, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, agbára wọn ò sì dọ́gba. Torí agbára tí ò dọ́gba yẹn ni ìlàjà ò fi bá a mu. Kí lọmọ JSS 1 fẹ́ bá a dúnàádúrà lé lórí? Ṣé kó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gba ìlàjì mílíìkì ni, àbí kó máa gbá òun létí lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì?

Mo jókòó síbi irú ẹ̀ rí. Wọ́n ní kí sínnọ̀ kan àti ọmọ tó ń lù bọ ara wọn lọ́wọ́, sínnọ̀ yẹn ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi èékánná tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ yẹn títí ó fi ṣàpá, ọmọ ní "ó ti tán, mà," gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n da omi sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, wọ́n ní ó lọ fẹjọ́ sùn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ sọ fún prínsípà pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n kó ọmọ SS 2 yẹn kúrò ní rúùmù ọmọ yín kíá, kí wọ́n pe òbí ẹ̀, kí ẹni tó ń bójú tó hostẹ́ẹ̀lì sì máa yọjú lẹ́yìn láìtì-áòtù, torí alẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ọmọ náà ni sínnọ̀ yẹn, ó nílò ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í ṣe níṣojú ọmọ tó ń lù. Tó bá fẹ́ tọrọ àforíjì tó bá yá, ó di ìgbà tí ọmọ yín bá lóun fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sí lẹ́tà, ẹ tọ́jú kọ́pì kan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ò fàyè gba kí wọ́n máa ṣe ọmọ léṣe, ìbáà ṣe lára tàbí lọ́kàn, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ bi lọ́yà bí ìpínlẹ̀ yín ṣe ń lò ó. Tí etí bá ń dun ọmọ, tàbí tí ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dúró de vísítìn, ọ̀la ni kẹ́ ẹ lọ.