Wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Bàbá Ìjọ, bẹ́ẹ̀ n kò gbàgbọ́ mọ́

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, ẹni ọdún 73. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀. Ìyàwó mi ni mo kàn ń sìn lọ ní ọjọ́ Ìsinmi.

Àwọn òyìnbó tó kó wa lẹ́rú létí òkun wa níbí, Bíbélì wà lọ́wọ́ wọn. Lónìí, pásítọ̀ ń wọ bàálù, ọmọ ìjọ ń fẹsẹ̀ rìn. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìjọ ní ká gbààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti bodè Sẹ̀mẹ̀ pa, tí ọmọ mi obìnrin tó ń ta ìrẹsì wọ gbèsè, ìjọ gbàdúrà. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní ká wá jó pé àdúrà ti gbà. Mo bi wọ́n pé, "Ta ló tì í?" Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ọmọ mi ọkùnrin, pásítọ̀ ni, n'Íbàdàn. Ní 2023, ó dúró lórí pẹpẹ, ó ní Ọlọ́run ti fi ẹni tó máa wọlé ìbò han òun. Ẹni yẹn kò wọlé, ọmọ mi kò sì mẹ́nu bà á mọ́. Èmi ló wá ní ẹ̀mí àjèjì ń dà láàmú, kí n jẹ́ kí òun gbé mi lọ sórí òkè àdúrà. Ọmọ tirẹ̀, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́jọ, wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. A gbé ẹ̀wà fún un, ó dijú, ó ń gbàdúrà. Mo ní, "Ta ló ra ẹ̀wà, Jésù ni àbí èmi?" Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní kíṣìnnì ló ti ń jẹun títí ó fi lọ. Ọmọ òde òní ò gba ẹ̀fẹ̀.

Wàyí o, ìjọ ní àwọn fẹ́ fi mí jẹ Bàbá Ìjọ níbi ìkórè tó ń bọ̀ ní November. Ìyàwó mi ti ra aṣọ. Ṣé kí n gbà á kí ilé lè tòrò ni, àbí kí n sọ tinú mi kí ojú tì wá? Bí mo bá sì sọ ọ́, ta ni yóò sin mí nígbà tí mo bá kú?

Bàbá Àgbà, Àgbádárìgì

Ìdáhùn

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti sún mọ́: ẹ má gba oyè yẹn.

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ̀ ń ṣiyèméjì. Ká ní gbogbo àgbà ìjọ tó ń ṣiyèméjì máa bọ́ oyè sílẹ̀ ni, bẹ́ǹṣì iwájú ì bá ṣófo ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi fúnra mi, onígbàgbọ́ ni mí, mo sì mọ ohun tí ojú ń rí lóru. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò sọ pé ẹ̀ ń ṣiyèméjì. Ẹ ní ọkàn yín ti kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìfinijoyè, wọ́n á pè yín síwájú pẹpẹ, wọ́n á bi yín léèrè níṣojú ìjọ, ẹnu ara yín lẹ ó fi dáhùn. Ìyẹn ṣì kéré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tọkọtaya tó ń jà yóò máa wá kan ilẹ̀kùn yín, ni opó tí wọ́n lé kúrò nílé ọkọ rẹ̀ yóò ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ gbàdúrà fún mi." Kí lẹ fẹ́ sọ fún un? Ṣé ẹ ó bi í pé ta ló ra ẹ̀wà?

Jíjókòó ti ìyàwó yín lórí bẹ́ǹṣì, kì í ṣe irọ́. Mùsùlùmí ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìsìn ìgbéyàwó, ẹ̀yin náà á sì ti dúró wo Zangbeto rí, tí ẹnikẹ́ni ò ní ẹ ti di ọmọ awo. Oyè ló yàtọ̀.

Ká wá sọ ti àwọn òyìnbó tó gbé Bíbélì lọ́wọ́, torí tíṣà ni yín, mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa fi ààbọ̀ ìtàn kọ́ àwọn ọmọ. Òótọ́ ni pé àwọn tó ra èèyàn ní Àgbádárìgì, Potogí ni o, Faransé ni o, Gẹ̀ẹ́sì ni o, oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n. Àwọn tó tà á fún wọn ńkọ́? Ẹ mọ ilé Seriki Abass dáadáa, ẹ ti rí àwọn yàrá tóóró yẹn. Ọkùnrin yẹn gan-an, wọ́n tà á lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà wálé, òun náà wá di ẹni tó ń ta èèyàn. Kì í ṣe Bíbélì ló kọ́ ọ.

Àwọn tó mú ìwàásù wá ní 1842, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní September 24 ọdún náà, aláwọ̀ dúdú ni bàbá rẹ̀. Àwọn Sàró ló sì ní kí wọ́n rán oníwàásù wá: àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, tí wọ́n wá wá ọ̀nà padà wálé fúnra wọn. Àjàyí Crowther tó dé ọ̀dọ̀ yín ní January 1845, ẹrú ni òun náà. Òṣóògùn ni wọ́n ti kó o ní 1821. Àwọn tó fi ọkọ̀ gbé e lọ, Kristẹni ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1822, Kristẹni ni wọ́n ń pe ara wọn. Ó lé lọ́dún kan tó fi wà ní Àgbádárìgì kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún un, ibẹ̀ ló sì ti rí ìyá rẹ̀ ní 1846, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n ti yà wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọjá níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ yẹn, tí ẹ ti gbọ́njú díẹ̀ nígbà tí igi Agia, tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù lábẹ́ rẹ̀, wó ní 1959, ẹ ò lè kó àwọn èèyàn yìí àti oníṣòwò ẹrú sínú àpò kan náà.

Bí ẹ bá tiẹ̀ ń wá ohun tí ẹ máa fi bínú sí ìjọ, ẹ fo èyí tó dun èmi jù. Crowther yìí kan náà, tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ní 1890 àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ì bá bí lọ́mọ wá jókòó dá a lẹ́jọ́, wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Ó kú ní December 31, 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kí ni àwọn baba wa l'Ékòó ṣe? Ọdún 1891 yẹn náà ni àwọn kan dá ìjọ UNA (United Native African Church) sílẹ̀. Ní 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, bínú jáde nítorí ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ James Johnson, àlùfáà wọn, wọ́n dá African Church Bethel sílẹ̀. Wọ́n bá bíṣọ́ọ̀bù jà dójú ẹ̀, wọn ò sì tìtorí ẹ̀ pa Bíbélì dé. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà.

Ẹ̀yin, Bàbá, mi ò rò pé ẹ tíì mọ̀ ọ́n. Mo ka lẹ́tà yín lákàtúnkà. Bàálù pásítọ̀ wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, bodè wà níbẹ̀, ìbò wà níbẹ̀. Orúkọ Jésù ò jẹ yọ àfi níbi tí ẹ ti ń fi ẹ̀wà ṣe yẹ̀yẹ́ ọmọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́ lóòótọ́. Ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin àti Òun, mi ò ní fi èsì lẹ́tà kan yí yín lọ́kàn padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí ẹ kó wá síwájú mi, ìjọba àti àwọn tó ń di ipò mú ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká gbé e fún wọn nígbà náà. May 29, 2023 ni Ààrẹ Tinubu dúró níbi ìbúra, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó 200 náírà ló fò kọjá 600 kí July tó parí. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ò bá a fò. Bodè Sẹ̀mẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló tì í ní August 2019, àwọn náà ló ní kí wọ́n ṣí i ní December 2020. Ìbéèrè tí ẹ bi ìjọ dùn mọ́ mi, ó sì yẹ kí ẹnìkan ti dá yín lóhùn. Ìjọ tó lè ṣe ìṣọ́ òru nítorí bodè lè kọ̀wé sí aṣòfin tó ń ṣojú Àgbádárìgì pẹ̀lú. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ gbọ́ ìròyìn, ẹ bínú, ẹ fi dá ìyàwó lágara. Ṣé ẹ̀ ń lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì? Ṣé ẹ̀ ń lọ sí ti àwọn onílé àdúgbò? Ọpọlọ yín ṣì jí pépé, ọwọ́ yín dáa lórí ìwé. Irú yín ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Àti pé, ẹ dákun, èló ló kù nínú gbèsè ọmọ yín obìnrin? Ẹ fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú ìjiyàn, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ bi í.

Ti pásítọ̀ ọmọ yín kò gùn. Ẹ má bá a lọ sórí òkè kankan; wọn kì í ṣe ìtúsílẹ̀ fún èèyàn nítorí pé ó béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ ní kó ka Deuteronomi 18:22 sí yín létí lórí fóònù, kó sọ ohun tí ẹsẹ náà wí nípa wòlíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ. Òun ló jẹ ìjọ rẹ̀ ní àlàyé. Kí ẹ ṣáà ṣe é láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ má dójú tì í níwájú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ bí i.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ̀fẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ọmọ náà: ó jìnnà sílé, ó dijú, ó pa ọwọ́ pọ̀, abọ́ ẹ̀wà wà níwájú rẹ̀, ebi á sì máa pa á. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé ló ń ṣe, bóyá ó tiẹ̀ rò pé inú bàbá àgbà máa dùn pé òun ò gbàgbé. Ẹ wá da ìjà ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ lé e lórí, òun tí kò dìbò, tí kò sọtẹ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní ó láyà láti dá yín lóhùn ni, ì bá ní, "Ẹ̀yin lẹ rà á, sà. Mo kàn ń dúpẹ́ ni." Ẹ pè é lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀, ẹ má rán bàbá rẹ̀ sí i. Ẹ ní, "Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, kò dáa, má bínú." Ẹ má fi àlàyé kankan tì í. Bó bá dàgbà tó bi yín léèrè ohun tí ẹ gbà gbọ́ àti èyí tí ẹ ò gbà gbọ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà.

Ìyàwó yín ló kàn, òun lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún kí ẹ tó sọ fún àlùfáà. Ẹ rò pé kò mọ̀? Obìnrin tó ń sùn, tó ń jí pẹ̀lú yín, tó ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ sí àwọn oníwàásù, ó ti mọ̀ tipẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá ẹ ó ṣì máa jókòó ti òun. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ: pé ẹ ó máa bá a lọ, pé aṣọ tó rà kò ní ṣòfò, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkórè. Kí ẹ tó wá kan ti oyè. Ó lè sunkún. Ó lè bínú nítorí owó aṣọ àti nítorí ẹnu àwọn ìyá ìjọ, kò sì jẹ̀bi. Ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun tó máa sọ fún wọn: "Bàbá ní kí wọ́n fi dá ẹlòmíràn lọ́lá." Òótọ́ ni, wọn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lọ bá àlùfáà nílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n tó tẹ ìwé ìpè. Ẹ má kọ lẹ́tà. Tíṣà lẹ jẹ́, lẹ́tà yín á gùn. Ẹ ní ọkàn yín kò sí nínú oyè náà, ẹ ò sì fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí kò dá yín lójú. Ó ti gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Owó ìkórè tí ẹ bá sì ti ṣèlérí, ẹ san án.

Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti bi í nípa ìsìnkú. Ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń wo orúkọ nínú ìwé àti owó tí èèyàn jẹ kí wọ́n tó sin òkú. Ẹni tó kọ oyè ò tíì kúrò nínú ìwé. Bí wọ́n bá tiẹ̀ wá kọ̀, ẹ láwọn ọmọ, ẹ ò ní sùn síta. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, ibi tí ẹ fẹ́ kí wọ́n sin yín sí, orin tí ẹ fẹ́, èyí tí ẹ ò fẹ́ gbọ́ rárá, kí ẹ fún ìyàwó yín lẹ́dà kan, kí ọmọ yín obìnrin mú ìkejì. Bí ẹ bá fẹ́ kí pásítọ̀ ọmọ yín má wàásù lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kó ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín kó tó kà á.