Ṣé Igi Etí Omi Náà Ní Òruka Ọdún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà ni mí n'Ìkòròdú. Wọ́n ní òruka inú igi ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ nílẹ̀ òtútù. Igi inú àbàtà ilẹ̀ olóoru ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ọ̀pọ̀ wọn ní in. Omi ló ń fà á. Létí odò Amásónì ní Bràsíl, àkúnya omi máa ń bo gbòǹgbò igi fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún. Gbòǹgbò kò ní rí atẹ́gùn, ọ̀pọ̀ igi á wọ́wé, wọn ò ní sanra mọ́ títí omi yóò fi fà. Ibi tí ìdàgbà ti dúró yẹn ló ń fi àmì òruka sílẹ̀ lọ́dọọdún.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ìwádìí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jochen Schöngart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2004 lórí Piranhea trifoliata, igi kan tó ń hù létí odò náà. Lọ́dún El Niño (ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ), tí òjò dín kù níbẹ̀, òruka rẹ̀ fẹ̀ sí i! Omi tètè fà, igi sì ráyè dàgbà.

Ẹ fi yánrìn-pépà dán ojú ibi tí ẹ ti rẹ́ gẹdú yín dáadáa, kí ẹ tó wò ó.